Kásẹ́ẹ̀tì Fídíò Àtijọ́ ní Ìlọrin: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí Jù

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kó fíìmù tí mo fẹ́ràn jọ lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò àti VCD. Yàrá kan nílé wa ní Gáà-Àkànbí ni mo yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ẹni tó bá wá kí wa, tó bá ti yọjú síbẹ̀, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Mo kó àwọn tí wọ́n ń bèèrè jù jọ síbí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn.

Gbogbo fíìmù ti wà lórí fóònù. Kí lẹ tún ń fi kásẹ́ẹ̀tì ṣe?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ fíìmù Yorùbá sì yàtọ̀ sí ti àwọn ará òkèèrè. Fíìmù Amẹ́ríkà tí ẹ bá rí lórí kásẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà ni. Ojúlówó rẹ̀ wà lórí rílù, ìyẹn fíìmù gbọọrọ tí wọ́n máa ń ká, níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí lọ́hùn-ún. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, owó rílù àti owó tí wọ́n fi ń fọ ọ́ lókè òkun kọjá agbára àwọn ẹgbẹ́ onítíátà wa. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, wọ́n gbé kámẹ́rà fídíò kọ́ èjìká, wọ́n ń ya eré tààrà sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń kó o lọ sọ́jà. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni fíìmù. Bí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yà bá ti sọnù, tí àwọn ẹ̀dà tó wà nígboro náà sì bàjẹ́ tán, ó parí nìyẹn, kò síbi tí a ó ti tún un rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbé fíìmù àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí mo ti rí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti gé orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò, tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù gba iwájú òṣèré kọjá, tí wọ́n sì pa á kí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kámẹ́rà tó jáde. Orúkọ wọn pé lórí kásẹ́ẹ̀tì tèmi, títí kan ti ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn.

Fíìmù Ògúńdé àti ti Ade Love ńkọ́?

Orí rílù nìyẹn wà, wọ́n ti ṣe é kí kásẹ́ẹ̀tì tó gbòde. Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ade Love, ọmọ Agbamu ni, ní ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wá tirẹ̀ lójú méjèèjì. Ọdún 1976 ni Àjàní Ògún tó ti ṣeré jáde, Ola Balogun ló sì darí rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń fi hàn nínú gbọ̀ngàn, tí èrò ń sanwó wọlé. Bí ẹnì kan bá wá gbé kásẹ́ẹ̀tì ọ̀kan nínú wọn fún yín, ẹ mọ̀ pé ẹ̀dà ni. Mo ní ọ̀kan tó jẹ́ pé ẹni tó yà á jókòó sáàárín èrò ni: orí ọkùnrin kan dìde níwájú, ó wá ìjókòó kiri, ó tún jókòó. Mo máa ń rà wọ́n, mo kàn máa ń kọ "ẹ̀dà" sí wọn lára.

Oríṣi mélòó ló wà, èwo ló sì pọ̀ ní agbègbè wa?

VHS ló pọ̀ jù. JVC ló gbé e jáde ní Japan ní 1976. Betamax ti Sony ti ṣáájú rẹ̀ ní 1975. Fífẹ̀ téèpù inú àwọn méjèèjì dọ́gba, àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì Betamax kéré sí ti VHS, wákàtí kan péré ni ti àkọ́kọ́ sì gbà nígbà tí VHS gba wákàtí méjì. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn yà sọ́dọ̀ VHS. Betamax mẹ́ta péré ni mo ní, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni mo sì ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. LaserDisc, àwo ńlá tó fẹ̀ tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, mi ò tíì rí ẹyọ kan ní Ìlọrin.

Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú VCD. 1993 ni wọ́n gbé e dé, òun ló sì gba ọjà wa lọ́wọ́ kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọdún 2000 wọlé. Bí ìṣẹ́jú 74 ló ń gbà, ìdí nìyẹn tí fíìmù wákàtí méjì fi máa ń jẹ́ àwo méjì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ojú tí wọ́n tẹ àwòrán sí ló gbẹgẹ́ jù. Abẹ́ àwòrán yẹn gan-an ni ohun tí ẹ̀rọ ń kà wà. Bí ìsàlẹ̀ tó ń dán bá ha díẹ̀, ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Bí òkè bá ha, fíìmù ni wọ́n ha kúrò yẹn. Tí ẹ bá ń nù ún, ẹ nù ún láti àárín wá sí etí, ẹ má nù ún yípo.

Níbo lẹ ti ń rí wọn?

Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú àpótí irin tí ẹnì kan gbé lọ sílé ìwé lọ́jọ́sí. Lọ́wọ́ àwọn oníkọ̀ńdẹ́mù tó ń ti báró kiri àdúgbò. Mo ti fún mélòó kan nínú wọn ní nọ́ńbà mi, wọ́n sì máa ń pè mí kí wọ́n tó kó ọjà wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti ìyá àgbà kan ní Ọ̀fà, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fídíò fún èèyàn láyé ìgbà kan. Wọ́n ti pa ṣọ́ọ̀bù náà dé láti ìgbà pípẹ́, èlùbọ́ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kúulé mà." Mo sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwọn nǹkan yìí lo tìtorí ẹ̀ wá láti Ìlọrin?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé àpò èlùbọ́ méjì kúrò lọ́nà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì tò sí, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí orúkọ àwọn tó yá fíìmù tí wọn ò dá a padà wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ìka tẹ orúkọ kan, wọ́n ní, "Eléyìí ti di Àlàájì báyìí. Ó ṣì jẹ mí ní kásẹ́ẹ̀tì."

Ara kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ ìwé pélébé mọ́, tí wọ́n fi bíírò kọ ọ́ pé: "Ẹ yí i padà síbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó gbé e wá." Mi ò ṣí ìkankan kúrò títí dòní. Nígbà tí a débi owó, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ wá lọ́jọ́ kan, kí àwọn tún wo ọ̀kan níbẹ̀. Mo gbé e lọ. Ìyá ń sọ ọ̀rọ̀ inú fíìmù náà kí òṣèré tó la ẹnu.

Ohun kan tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: bí àgbàlagbà bá fún yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn náà gbọ́ sí i kí ẹ tó gbé e jáde nílé.

Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo fèrèsé kékeré tó wà lójú rẹ̀. Téèpù tó dáa máa ń dúdú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun tàbí bí òwú aláǹtakùn, ó ti bu nìyẹn. Ẹ tẹ bọ́tìnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ ṣí ìdérí iwájú, ẹ wò ó bóyá téèpù ti ká kò tàbí ó ti já. Ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ike pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣẹ́ kúrò kí ẹnikẹ́ni má bàa ya nǹkan mìíràn lé e. Tí ẹ bá rí i pé ẹnì kan fi sẹ́lótéèpù dí ojú ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kọ́ ló wà nínú rẹ̀ mọ́.

Èyí tí wọ́n tà lófìfo, ẹ ó rí E-180 lára rẹ̀: ìṣẹ́jú 180 nìyẹn. Tó bá jẹ́ T-120, Amẹ́ríkà ló sábà máa ń ti wá.

Kásẹ́ẹ̀tì tó bu ńkọ́? Ṣé kí n jù ú nù?

Ẹ má jù ú nù, ẹ má sì kì í bọ inú ẹ̀rọ. Mo jìyà èyí lọ́dún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀. Òjò pọ̀ lọ́dún náà, páálí tí mo gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri fa omi, èmi ò sì mọ̀. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì kan bọ ẹ̀rọ, àwòrán ń já, mo yọ ọ́. Mo fi òmíràn sí i, tòun náà ń já. Ìgbà tó di ẹ̀kẹta ni mo tó ṣí orí ẹ̀rọ, mo rí i pé ìyẹ̀fun funfun ti tú ká sórí hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ibi tó ń ka téèpù, èyí àkọ́kọ́ ti kó o ran méjì tó tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ní nígbà náà.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. Èyí tó bá bu, mo máa ń wé e sínú ìwé ìròyìn, mo ń gbé e sí yàrá ọ̀tọ̀ títí ọyẹ́ yóò fi dé. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a gbẹ ọ̀rinrin inú rẹ̀ débi pé nǹkan funfun náà kò ní lẹ̀ mọ́ téèpù mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi nǹkan bo imú, torí ìyẹ̀fun yẹn kò dáa fún àyà, mo máa jáde síta gbangba, mo sì máa tú ìdè márùn-ún tó wà ní ìdí kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi fóònù ya inú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀nà tí téèpù gbà láàárín àwọn róòlà kékeré yẹn kì í rọrùn rántí. Mo máa ń gbọn ìyẹ̀fun ẹ̀gbẹ́ téèpù kúrò pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, mo wá ń fi aṣọ tí kì í tú, tí mo rẹ sínú ọtí isopropyl díẹ̀, di téèpù mú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí mo ṣe ń fọwọ́ yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ó máa ń gba ọ̀sán kan gbáko fún kásẹ́ẹ̀tì kan. Tó bá tán, mo máa ń gbé e sínú ilé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó mọ́, mo sì máa ń dá lẹ́bẹ́ẹ̀lì àtijọ́ padà sí i lára.

Ẹ̀rọ wo ni kí n rà?

Tòkunbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Funai ti Japan ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ fídíò gbẹ̀yìn, oṣù keje 2016 ni wọ́n sì dáwọ́ dúró.

Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ 120 volt nìkan, Amẹ́ríkà ló ti wá. Iná wa yóò jó o lójú ẹsẹ̀ àyàfi tí ẹ bá lo tíránsífọ́mà tó ń dín iná kù. Ìlànà àwòrán tí wọ́n ń pè ní NTSC ni ti Amẹ́ríkà tún ń lò, àwa ń lo PAL. Bí ẹ bá fi kásẹ́ẹ̀tì ọjà wa sínú rẹ̀, àwòrán lè máa yí lọ sókè tàbí kó jẹ́ dúdú àti funfun. Èyí tí mo bá rí "multi-system" lára rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń gba méjèèjì, mi ò kì í dúnàádúrà púpọ̀.

Ẹ̀rọ tó ti London wá dáa, PAL ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á gbé e délé, á so ó mọ́ tẹlifíṣàn pẹ̀lú wáyà ẹ̀ríà, á rí àwòrán, kò ní gbọ́ ohùn. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Ibi tí wọ́n ń gbé ohùn sí lórí ìgbì ló yàtọ̀: tiwọn jẹ́ 6.0 MHz, tiwa jẹ́ 5.5. Ẹ lo wáyà AV olórí mẹ́ta dípò ti ẹ̀ríà, ohùn yóò jáde. Mo ti ra ẹ̀rọ méjì ní gbàǹjo lọ́wọ́ àwọn tó rò pé ó ti kú. Nígbà tí mo wá mọ ohun tó ṣe é, mo padà lọ ṣàlàyé fún ọ̀kan nínú wọn, mo sì fi owó kún owó rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè fọ hẹ́ẹ̀dì rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí rédíónììkì àgbà kọ́ yín lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó kọ́ mi wà lọ́nà Táíwò, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n gé ìwé funfun tí kò nílà, wọ́n rẹ ẹ́ sínú isopropyl, wọ́n fi ìka kan tẹ ìwé náà mọ́ ara ìlù irin tó ń yí, wọn ò mi ìwé yẹn rárá. Ọwọ́ kejì ni wọ́n fi ń yí ìlù náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Dúdú jáde sára ìwé, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlà tìróò. Wọ́n ní, "Bí o bá fà á sókè-sódò, o ti ṣẹ́ ẹ nìyẹn." Òótọ́ ni, torí hẹ́ẹ̀dì inú ìlù náà kéré débi pé èèyàn lè má rí i. Ẹ má lo òwú etí. Fọ́nrán rẹ̀ máa ń há síbẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú wọn?

Ẹ tò wọ́n nínàró bí ìwé, ẹ má tò wọ́n léra. Ẹ yí wọn padà síbẹ̀rẹ̀, bí ìyá Ọ̀fà ṣe wí. Kí wọ́n jìnnà sí ilẹ̀, sí ògiri tó ń fa omi, sí oòrùn fèrèsé, àti sí sípíkà, torí mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà lè pa ohun tó wà lórí téèpù rẹ́. Eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá kejì, nítorí náà kí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wà nínú páálí tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mo máa ń yí gbogbo wọn lọ sópin, mo máa ń yí wọn padà, kí téèpù má bàa lẹ̀ mọ́ra.

Ṣé mo lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà?

Ẹ gbọ́dọ̀ gbé e ni. Wáyà yẹ́lò fún àwòrán, funfun àti pupa fún ohùn, wọ́n wọ ẹ̀rọ kékeré USB kan tó ń gba fídíò, ìyẹn sì wọ kọ̀ǹpútà. Kò sí bí a ṣe lè yá a: fíìmù wákàtí méjì yóò gba wákàtí méjì. Ẹ rí i pé iná kò ní já sí yín lójú nídìí rẹ̀. Òru ni mo máa ń ṣe tèmi, pẹ̀lú bátìrì ńlá. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ síbi méjì ó kéré tán, ẹ má sì sọ kásẹ́ẹ̀tì nù lẹ́yìn náà.

Ṣé mo lè máa ta ẹ̀dà rẹ̀?

Rárá o. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn olè jí fíìmù náà, wọ́n dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì rí owó tó ná sí i padà. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kásẹ́ẹ̀tì irú èyí tí à ń kó jọ yìí ni wọ́n fi ṣe é. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bèèrè ẹ̀dà lọ́wọ́ mi, mo máa ń ní kó wá wò ó nílé mi, màá fún un lómi mu. Bí mo bá sì rí ẹni tó ṣe fíìmù náà tàbí ọmọ rẹ̀, òun ni mo máa ń fún ní ẹ̀dà láì gba kọ́bọ̀.

Bí mo bá bá nǹkan ẹlòmíràn lórí kásẹ́ẹ̀tì tí mo rà ńkọ́?

Ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ní Ìlọrin. Mo ra ọ̀kan nítòsí Ọjà-Ọba. Fíìmù náà parí, orúkọ òṣèré kọjá lọ, ojú tẹlifíṣàn di búlúù. Kí n tó dìde lọ pa á, àgbàlá kan yọ. Wòlímọ̀ ni. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí ẹní, wàláà wà lórí itan rẹ̀, wọ́n ṣí agbòòrùn lé e lórí, ó ń ké Kùránì. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fi etí ìborùn nu ojú. Ó tó bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, òun náà mú mi lọ sílé tó ti kó o. Ọmọbìnrin orí ẹní yẹn ti di ìyá ọlọ́mọ. Wọ́n ní ìyá àwọn ti lọ sílé òtítọ́, kò sì sí fídíò wọn kankan lọ́wọ́ àwọn. A tan ẹ̀rọ sí pálọ̀. Níbì kan, ìyá náà bá ẹni tó ń ya fídíò wí pé kó sún sẹ́yìn, kó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sọ́mọ òun. Àwọn tó wà ní pálọ̀ ní kí n dá a padà sẹ́yìn, kí àwọn tún gbọ́ ohùn yẹn. A dá a padà nígbà márùn-ún. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún wọn, ẹ̀dà fíìmù nìkan ni mo gbé lọ. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe náà nìyẹn.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Kò sí.

Èwo lẹ ṣì ń wá?

Apá kejì fíìmù kan tí mo wò ní pálọ̀ àwọn ará ilé kejì nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òmù-Àrán. Mo ti rí apá kìíní. Páálí rẹ̀ ti ya, lẹ́bẹ́ẹ̀lì ti ṣí, orúkọ rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀rẹ̀ torí téèpù ti já níbẹ̀. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó wọ àdìrẹ, ó ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù lọ́jọ́ ọjà. Nígbà tó máa parí, ó kan ilẹ̀kùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnì kan dáhùn nínú ilé, ó ní, "Ta ni yẹn?", wọ́n sì kọ ọ́ pé ká máa retí apá kejì. Bó bá wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún oníkọ̀ńdẹ́mù.